Ẹ́ńjìnnì Bàbá Waliyah

Nínú ẹgbẹ́ "Bá Mi Dá Sí I" lórí Fesibúùkù, bí ènìyàn bá béèrè ohun tó ń dà á láàmú, ìdáhùn tí gbogbo wọn máa ń dúró dè ni ti Hàbíbàt. Aránṣọ ni. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lasunwon, nínú ìlú Ìkòròdú. Kò pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ràn, kò sì kọ́ iṣẹ́ ìmọ̀ràn níbì kankan. Kì í kàn fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá kí òun fẹ́ ọkùnrin tí kì í gbé ìpè òun lópin ọ̀sẹ̀, Hàbíbàt sì dáhùn pé, "Ó níyàwó nílé. Wá ẹlòmíràn." Bàbá kan fẹ́ kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àna rẹ̀, Hàbíbàt ní, "Ẹ má dán an wò sà. Ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀ mọ́." Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tẹ láìkì, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Àǹtí Àsọòótọ́ ti dé. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Nígbà mìíràn, ó máa ń ka àwọn kọ́mẹ́ǹtì náà sókè fún Ọláṣẹ́gun ọkọ rẹ̀ bí ìyẹn bá ń jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni ìbéèrè Waliyah jáde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Apẹja ni bàbá mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ti ń ṣú, síbẹ̀ wọn ò yé lọ sórí ọ̀sà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já sómi nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Màmá mi ò lè bá wọn sọ ọ́, èmi nìkan sì lọmọ tó wà nílé. Kí ni kí n ṣe?"

Àwọn kan ní kó máa gbàdúrà. Àwọn kan ní kó pe lèmọ́mù àdúgbò kó bá bàbá sọ̀rọ̀. Hàbíbàt gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó kọ tiẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ ti tó. Yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn, gbé e pamọ́ síbi tí wọn ò ti ní rí i. Wọ́n á bínú fúngbà díẹ̀, wọ́n á sì jókòó sílé. Ó sàn kí wọ́n bínú sí ẹ ju kí o máa wá òkú wọn kiri lórí omi."

Kí ó tó rán ìgbátí aṣọ kan tán, láìkì ti kún abẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Waliyah fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo ti gbọ́." Hàbíbàt rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́, ó sì gbàgbé ọmọ náà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀rọ̀ ti wọ ìnbọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Bàbá mi yá ọkọ̀ àjẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan lánàá, wọ́n dá wà á lọ sórí ọ̀sà. Wọn ò tíì dé."

Hàbíbàt kà á, ó tún un kà. Lánàá. Ìyẹn ni pé bàbá náà ti sùn sórí omi, tàbí sínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ kíákíá pé, "Ṣé wọ́n ti ń wá wọn? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?" Kò sí èsì. Ó pè é lórí Fesibúùkù, ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè é. Nígbà tí yóò fi di àsìkò Àsárì, fóònù Waliyah kò tilẹ̀ dún mọ́.

Ó gbìyànjú láti padà sídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ ló gé níbi tó yẹ kó ti gé iwájú, aṣọ oníbàárà sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ká a, ó jókòó. Ó wá ìbéèrè Waliyah lọ nínú ẹgbẹ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ pé, "Àǹtí ò ní pa wá o." Ó tún ka ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ: kí o máa wá òkú wọn kiri lórí omi. Ó fẹ́ pa á rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, fóònù béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ro bí yóò ṣe rí lójú ọmọ náà bó bá wá a tí kò rí i mọ́. Ó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Ọláṣẹ́gun dé láti ibi iṣẹ́, ó bá Hàbíbàt níwájú ilé tó di fóònù mú, tí kò sì tẹ nǹkan kan.

"Ìyá Bólú, kí ló dé? Ṣé ara Bólúwatifẹ́ ò yá ni?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ọláṣẹ́gun jókòó tì í.

"Ṣé ìwọ lo ní kí bàbá náà wọ ọkọ̀ àjẹ̀?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wọn."

"Ọmọ náà bi yín, ẹ dá a lóhùn. Àìmọye èèyàn ló dá a lóhùn."

"Tèmi ló gbà, Bàbá Bólú. Wọ́n ní kó gbàdúrà, kò gbọ́. Tèmi ló gbọ́."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọ̀la."

"Ta lo mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́?"

"N ò mọ ẹnì kankan."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkòròdú. Wọ́n gba Ìmọ́tà, wọ́n gba Ìtòìkín. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń wo fóònù. Ó ń ronú ohun tí yóò sọ bó bá dé tó sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kí ẹ kú àrafẹ́rakù. Ṣé yóò wọlé? Ṣé yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà? Bí wọ́n bá bi í pé ta ni, kí ni yóò pe ara rẹ̀? Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá inú ń run ún ni. Ó ní rárá, pé òun kàn ń lọ kí ẹnì kan ni.

Ní Ẹ̀pẹ́, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sétí ọ̀sà níbi táwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ páànù, ó ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Òróró dúdú kún ọwọ́ rẹ̀. Hàbíbàt kí i, ó ní òun ń wá ilé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Waliyah, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Waliyah ọmọ Bàbá Ọláògún? Kí lẹ fẹ́ bá wọn ṣe?"

"Wọ́n ní wọn ò rí bàbá rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ mẹ́ta ló jáde láàárọ̀ yìí láti wá wọn." Ó fi orí tọ́ka sí igun kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀, wọ́n fi tapólì bò ó. "Ọwọ́ mi lọmọ náà gbé e pamọ́ sí. Ó ní àwọn kan lórí fóònù ló gba òun nímọ̀ràn. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ bá bàbá sọ ọ́. Kò gbọ́. Ẹ jẹ́ n mú yín lọ."

Festus lorúkọ rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó ṣíwájú. Hàbíbàt tẹ̀ lé e.

Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní lẹ́yìnkùlé Bàbá Ọláògún. Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Waliyah nìyẹn, Kúlúsúmù. Hàbíbàt kúnlẹ̀, ó ní ojúlùmọ̀ Waliyah ni òun, òun gbọ́ ni òun fi wá. Màmá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un lómi. Kò mu ún, ó kàn di ife mú.

Kò pẹ́ tí Waliyah fi wọlé láti etí ọ̀sà. Hàbíbàt ti rò pé ọmọdé ni, àfi bó ṣe rí obìnrin tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí ojú rẹ̀ ti wú. Àwòrán tó wà lórí Fesibúùkù ni Waliyah fi dá a mọ̀. Ó dúró gbagidi.

"Àǹtí? Ẹ̀yin lẹ wá?"

"Èmi ni. Mo pè ẹ́ títí."

"Iná ti tán lórí fóònù mi, ẹ má bínú." Ó súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Hàbíbàt ti ń retí kó bú òun. Kò bú u. Ohun tó sọ burú ju èébú lọ. Ó ní, "Àǹtí, kí ni kí n ṣe báyìí?"

Gbogbo ojú ń wo Hàbíbàt. "N ò mọ̀, Waliyah," ló sọ. "N ò mọ̀ rárá."

Ìyá Waliyah dá tẹ̀sùbáà dúró. "Waliyah, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ẹni tó ní kó o gbé ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ nìyí?"

Hàbíbàt tún kúnlẹ̀. "Èmi ni mà."

"Ṣé o mọ ọkọ mi ni?"

"Rárá mà."

"O ò mọ̀ ọ́n." Màmá náà kò pariwo. "O jókòó sí Ìkòròdú, o ní kí wọ́n gba ohun ọwọ́ ẹni tí o ò mọ̀." Ó yí ojú sí apá ibòmíràn, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lé Hàbíbàt, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde. Ó dúró lórí ìkúnlẹ̀ títí Festus fi fà á lápá pé kó jókòó.

Wọ́n ti kí ìrun Jímọ̀ tán nígbà tí ariwo sọ létí ọ̀sà. Gbogbo ilé ló sáré. Hàbíbàt sá tẹ̀ lé wọn, kò sì mọ̀ bóyá ariwo ayọ̀ ni àbí ti ẹkún. Ọkọ̀ kan ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀, nǹkan kan sì wà nílẹ̀ láàárín wọn tí wọ́n fi aṣọ bò. Waliyah dúró, kò lè lọ síwájú mọ́. Nígbà náà ni nǹkan tó wà lábẹ́ aṣọ náà wúkọ́.

Bàbá Ọláògún wà láàyè. Ètè rẹ̀ ti bó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lójú. Koríko orí omi ló há a mọ́, níbi tó jìnnà sí ọ̀nà àwọn apẹja. Kò rí ọ̀nà tí yóò gbà jáde, kò sì fẹ́ wà á lọ sójú agbami. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń kígbe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí àwọn tó ń wá a fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nílé, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ mu. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tí àlejò náà í ṣe. Wọ́n sọ fún un. Ó ní kí ó súnmọ́ òun, nítorí òun ò rí i dáadáa.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì mi?"

"Èmi ni sà. Ẹ dárí jì mí. Wọ́n ní ojú yín ò ríran mọ́, ni mo ṣe—"

"Òótọ́ ni. Ojú mi ò ríran." Ó wúkọ́, ó sinmi. "Ṣé o mọ ẹni tó máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ mi?"

Hàbíbàt wo Waliyah. Waliyah mi orí; òun náà kò mọ̀.

"Mọ́ṣúdù ni. Ó ní ojú, kò ní ẹ́ńjìnnì. Èmi ní ẹ́ńjìnnì. Tó bá ní kí n yà sọ́tùn-ún, màá yà sọ́tùn-ún. Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé òun ni ojú mi, ó ní wọ́n á máa fi mí ṣẹ̀sín létí ọ̀sà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì pòórá, ó ní òun náà láwọn ọmọ tí òun ń bọ́. Ó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Mo bínú. Mo ní kí n fi hàn wọ́n pé mo lè dá a ṣe. Ìyẹn ni ẹ̀bi tèmi níbẹ̀."

Waliyah bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. Kí n jókòó sílé lo ń bẹ̀ mí, o ò bi mí bí mo ṣe ń lọ." Ó yí ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn.

Waliyah sin Hàbíbàt dé gáréèjì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra, Waliyah ní, "Àǹtí, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Èmi ni mo mọ bàbá mi." Ọ̀rọ̀ náà kò tu Hàbíbàt nínú.

Festus dá ẹ́ńjìnnì padà ní ọjọ́ kejì. Ikọ́ bàbá pẹ́ kó tó lọ, wọ́n sì gbé e lọ sọ́sípítù lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Mọ́ṣúdù padà síwájú ọkọ̀, gbogbo Ẹ̀pẹ́ sì ti wá mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bàbá ń dá Waliyah lóhùn bó bá kí i, ṣùgbọ́n kì í bá a tàkúrọ̀sọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Hàbíbàt máa ń pè é lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà wọn, àyà rẹ̀ sì máa ń já bí Waliyah bá pẹ́ kó tó gbé e.

Nínú ẹgbẹ́, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun ń fi ohun kan pamọ́ fún òun, ṣé kí òun tú àpótí rẹ̀ wò? Ó dárúkọ Hàbíbàt sínú rẹ̀ kó lè tètè rí i. Hàbíbàt kọ ọ̀rọ̀ méjì, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà kọ ọ́ pé, "Àǹtí Àsọòótọ́, ẹ̀yin náà ti ń bẹ̀rù ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sábẹ́ rẹ̀.

Ó kà á. Ó ro obìnrin náà tí kò mọ̀ rí, àti àpótí rẹ̀, àti ohun tó lè wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò mẹ́nu bà. Ó da ojú fóònù dé sórí tábìlì, ó sì ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.