Ọ̀bẹ Tí Ràmọ́nù Rọ

Àgbò Iléyá èṣí kò ṣe é jẹ nílé Ràmọ́nù. Òun fúnra rẹ̀ ló dú u. Ó fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀bẹ kò wọlé tó. Ó gbé ọwọ́ sókè kó lè tún un dì mú, àgbò já mọ́ àwọn tó dì í mú lọ́wọ́, ó dìde, ó sì sáré yí àgbàlá ká tòun ti ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Kí wọ́n tó rí i mú padà kí wọ́n dú u tán, ó ti kú. Àáfà ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, ilé tó máa ń gbé abọ́ ẹran jáde ló ń gba abọ́ ẹran wọlé.

Mahmood, àbúrò Ràmọ́nù, tí wọ́n jọ ń gbé ilé bàbá wọn ní Bàrígà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, alápatà la máa pè."

"Ọ̀bẹ ni," Ràmọ́nù dáhùn. "Kì í ṣe ọwọ́."

Òun ni àkọ́bí. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, òun ló ń dú àgbò ilé náà. Bí alápatà bá fi lè kúnlẹ̀ ní àgbàlá yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ràmọ́nù mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń gé pépà ló fi ṣiṣẹ́ jẹun ní Ṣómólú títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ló gba abẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó ń lọ, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fún un ní ọ̀bẹ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti lò gbó, irin pẹlẹbẹ tó gùn ju apá ènìyàn lọ. Ó fi epo pa á, ó fi àpò sìmẹ́ńtì wé e, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fàsílátù, ìyàwó rẹ̀, a máa fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ bó bá ń gbálẹ̀.

"Bàbá Mùíz, kí lẹ fẹ́ fi irin yìí ṣe gan-an?"

"Yóò wúlò."

Lẹ́yìn Iléyá burúkú yẹn, ó fà á jáde. Ó gbé e lọ sí Abúlé Òkúta, sọ́dọ̀ Bámilóyè alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tabitha. Ó bá a níbi tó jókòó ti iná rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Alhájì, ẹ káàbọ̀. Kí la fẹ́ rọ?"

"Mi ò tíì lọ Mẹ́kà."

"Ẹ ó lọ. Kí la fẹ́ rọ?"

"Kì í ṣe ìwọ ló máa rọ ọ́. Èmi ni. Kọ́ mi."

Bámilóyè da èépo ẹ̀pà sínú iná. "Lọ́jọ́ ogbó yìí? Ṣé ẹ fẹ́ máa tà á ni?"

"Rárá."

"Àbí ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n rọ ni. Ọ̀bẹ kan. Ti Iléyá."

"Ó dáa. Ẹ máa wá ní Sátidé. Fráìdè, ẹ̀yin wà ní Jímọ́ọ̀. Sọ́ńdè, èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé ni kò bá ẹnikẹ́ni jà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń kó èédú jọ kí iná lè mú láàárín. Ó kọ́ àwọ̀ irin: pé pupa ṣíṣú kò tíì tó, pé ó gbọ́dọ̀ dà bí èèpo ọsàn tó pọ́n, àti pé bó bá ti ń funfun tó sì ń ta pàrà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Irin géètì àlòkù ló fi kọ́ ọwọ́. Ó ba púpọ̀ jẹ́ nínú wọn. Bámilóyè a mú èyí tó bá bàjẹ́, a yí i wò lójú oòrùn.

"Alhájì, ọ̀bẹ kọ́ lèyí. Ìṣó ni."

Ràmọ́nù a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a tún un tì bọ iná. Kò bínú. Ó fẹ́ràn ariwo òòlù, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ díẹ̀, Bámilóyè gbé sípíríìnì mọ́tò àlòkù kan wá fún un. Irin tí wọ́n fi ń rọ ọ̀bẹ nìyẹn.

"Rárá," Ràmọ́nù wí. "Mo ní irin tèmi."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Ṣé ìwọ ló yẹ kó bi mí bẹ́ẹ̀? Mo ti ń fi irú rẹ̀ gé pépà tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù kí o tó mọ ọ̀nà Èkó."

Bámilóyè gbé sípíríìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbà ló ni irin rẹ̀.

Wọ́n fi gíráíńdà gé e. Ó gé wẹ́rẹ́. Inú Ràmọ́nù dùn pé ó gé wẹ́rẹ́. Ó lù ú, ó fi fáìlì tí a fi ń ha irin tún un ṣe, ó yan án nínú iná, ó rì í bọ ọ́ìlì mọ́tò kó lè le. Ó fi igi ìrókò ṣe èèkù rẹ̀. Ó pọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí gbogbo agépépà Ṣómólú máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀bẹ mú: ó na pépà kan sókè, ó sì fi ọ̀bẹ gé e. Bí pépà bá dún, ọ̀bẹ kò mú. Èyí kò dún rárá.

Ó gbé e lọ sílé, ó gbé e lé orí tábìlì. Fàsílátù rí i, ó mú un lọ sí kíṣìnnì. Kò pẹ́ tó fi padà wá.

"Bàbá Mùíz, ẹ wá wo ọ̀bẹ yín."

Ẹnu ọ̀bẹ ti ká bí etí ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

"Kí lo fi gé?"

"Itan adìẹ ni. Mi ò fi gé òkúta."

Mahmood wà ní pálọ̀. Ó na ọrùn wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, adìẹ lèyí o. Àgbò ò tíì dé. Mo ti bá alápatà kan sọ ọ́ ní Fádèyí. Ó ní bí a bá ti kírun tán, òun á wá."

"Iléyá ṣì jìnnà."

"Kò jìnnà."

Òótọ́ ni. Kò jìnnà.

Ní Sátidé, Bámilóyè fi fáìlì ra ẹnu ọ̀bẹ náà. Fáìlì wọ inú rẹ̀ bíi pé ọṣẹ ni.

"Irin yìí rọ̀."

"Kò lè rọ̀."

"Alhájì, ó rọ̀. Iná ò mú un le, ọ́ìlì ò mú un le. Irin tó rọ̀ báyìí ò lè gé pépà tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Báwo ló ṣe ń gé e níbi iṣẹ́ yín?"

Ràmọ́nù mú ìyókù irin náà, ó gbé e lé orúnkún. Ó wo ẹnu rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti òpin kan dé èkejì.

"Ìlà kan máa ń wà lára wọn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó sún mọ́ ẹnu ọ̀bẹ. Bí a bá ti ń pọ́n ọ̀bẹ, ẹnu rẹ̀ á máa sún mọ́ ìlà yẹn. Bó bá ti dé ìlà, a máa ń yọ ọ́, a ó gbé òmíràn sí i."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń yọ ọ́?"

"Wọ́n ní ó ti dé ìlà."

Bí ó ti wí i tán ló yé e. Irin méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó le wà lẹ́nu, tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó kù kàn ń gbé e ró ni. Ìlà yẹn ni ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Àwọn ti pọ́n èyí tó le tán ní Ṣómólú, ìyókù ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ, òun sì fi epo pa á. Gbogbo ọdún tó fi dúró ti ẹ̀rọ yẹn, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ìlà náà jẹ́. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ náà kò bi òun léèrè.

"Ṣé ká mú sípíríìnì?" Bámilóyè bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Rárá. Mò ń bọ̀."

Ó lọ sí Ṣómólú. Isiaq, ọmọ tí Ràmọ́nù kọ́ níṣẹ́, ló wà nídìí ẹ̀rọ báyìí.

"Ọ̀gá! Wọ́n ní ẹ ti di ọmọ Ògún."

"Mùsùlùmí ni mí."

"Ògún ò lé Mùsùlùmí. Kí lẹ fẹ́ mu?"

"Ọ̀bẹ tí kò tíì dé ìlà ni mo fẹ́."

Isiaq dijú. "Ọ̀gá, ta ló máa ń sọ ọ̀bẹ tí kò tíì dé ìlà nù?"

"Ẹni tó bá ti bà á jẹ́."

Isiaq wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó sì gbé ọ̀bẹ kan jáde tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ láàárín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì dára.

"Sípánà ló gé. Ẹnì kan gbàgbé ẹ̀ sórí pépà."

"Ta ni?"

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà mú ọ̀bẹ."

Irin yìí kò gé wẹ́rẹ́. Ó jẹ abẹ gíráíńdà, ó ń ta iná funfun. Ràmọ́nù gé e kí ìlà náà lè wà láàárín, kí irin líle jẹ́ ẹnu, kí èyí tó rọ̀ jẹ́ ẹ̀yìn. Ó lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó fi ẹ̀mú gbé e láti inú iná lọ sínú ọ́ìlì, ṣóńṣó ọ̀bẹ ń mì.

"Alhájì, ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Ẹ̀mú yìí wúwo."

Bámilóyè wo ẹ̀mú náà. Òun ló rọ ọ́, ó sì mọ bó ti wúwo tó.

Wọ́n dúró láti gbọ́ bóyá yóò sán. Kò sán. Fáìlì yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó dún bí èékánná lára gíláàsì. Wọ́n tún fi iná díẹ̀ yan án títí ó fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, kó má bàa le jù kó fọ́. Fàsílátù fi gé ẹsẹ̀ màlúù. Ó wo ẹnu ọ̀bẹ, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n ti yídì dé lọ́jọ́ Iléyá, alápatà Fádèyí ti wà lẹ́nu géètì, ọ̀bẹ tirẹ̀ wà nínú àpò. Mahmood kò sọ fún un pé kó má wá. Ràmọ́nù rí i, ó kọjá lára rẹ̀.

Wọ́n dá àgbò dùbúlẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì, níhà ìlà-oòrùn. Ràmọ́nù fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn kí ẹran má bàa rí i. Ó kúnlẹ̀, ó wá ibi tó yẹ lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ sí i.

Irun ọrùn àgbò ń mì lábẹ́ ọ̀bẹ. Kì í ṣe àgbò ló ń mì í.

Ó wo ọwọ́ náà. Kò sí ohun tó kù láti dá lẹ́bi. Bó bá fà á báyìí, ó lè rí bíi ti èṣí. Bó bá dìde, alápatà á kúnlẹ̀.

"Mahmood."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Wá kúnlẹ̀ síbí."

Mahmood kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ kó gba ọ̀bẹ.

"Mi ò ní kí o gbà á. Di ọwọ́ mi mú. Dì í le."

Mahmood dì í mú. Ìgbà yẹn ló tó mọ bí ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n tó. Ó gbé ojú sókè sí Àáfà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kò burú," Àáfà wí, "bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti pe Bísímílà."

Wọ́n pè é pọ̀. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bẹ kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan lọ́nà rẹ̀. Wọn kò gbé ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn tán, tí ẹran sì dákẹ́.

Alápatà wọlé wá, ó ní òun á bá wọn bó o. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ó kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ Ràmọ́nù, ó wò ó.

"Bàbá, níbo lẹ ti rà á?"

"Rírọ ni wọ́n rọ ọ́," Mahmood dá a lóhùn. "Bó ẹran."

Ràmọ́nù jókòó sórí àga lábẹ́ òjìji ògiri. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, títí yóò fi jẹ nínú ẹ̀dọ̀ àgbò. Fàsílátù sun ẹ̀dọ̀ náà. Mahmood ló gbé e wá nínú abọ́, ó sì dúró.

Ràmọ́nù na ọwọ́ sí i, kò fi gbígbọ̀n rẹ̀ pamọ́. Abọ́ náà ń dún ní ọwọ́ rẹ̀. Mahmood jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bá a di etí abọ́ mú, wọ́n sì ń jẹ ẹ́.