Ẹ̀bi Aṣọ Kọ́

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Láwàl ti ń ránṣọ ní àdúgbò Agbalépédogan, ẹ̀bi tó sì ti dì lé aṣọ lórí láti ìgbà náà kò kéré. Bí oníbàárà bá gbé ṣòkòtò tí kò wọlé mọ́ dé, Láwàl á yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tòde, á mirí, á ní, "Aṣọ ló súnkì. Ọṣẹ ayé ìsinsìnyí!" Oníbàárà á dúpẹ́, Láwàl á sì tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ kó lè fẹ̀. Ṣòkòtò tirẹ̀ ńkọ́? Ó ti tú u títí kò fi sí ohun tó kù láti tú, ló bá kúkú ń de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn, ó ní bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn nọ́ọ̀sì gbé tábìlì kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwọ̀n ara wò fún ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí téèpù tí wọ́n fi ń wọn ikùn fi já. Christelle, nọ́ọ̀sì tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Láwàl.

"Bonjour, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní téèpù."

"Téèpù nìkan kẹ̀? Èmi fúnra mi ń bọ̀."

Ó fi téèpù kọ́rùn bíi dókítà. Ó ń wọn ikùn àwọn ọkùnrin, ó ń ké nọ́mbà, ó sì ń gba àwọn obìnrin tó tò lẹ́yìn nímọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

"Màdáámù, ẹ dín búrẹ́dì kù. Ẹ máa rìn!"

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wọn dókítà yìí náà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Láwàl fa ikùn sínú, ó di èémí mú. Christelle fi téèpù yí i ká, ó ń dúró kó mí. Nígbà tó mí tán, ikùn rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gọ́fà.

"Téèpù yìí ti súnkì," ló jáde lẹ́nu Láwàl.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Láwàl náà gbọ́ ohun tó sọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, òun náà ga. Christelle ní kó wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé, kó dín iyọ̀ àti òróró kù, kó sì máa fẹsẹ̀ rìn.

Bí Láwàl àti Sàídátù ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí àdúgbò Aflao-Gakli láràárọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Láwàl rí oníbúrẹ́dì, ó ní kí wọ́n yà kí i.

Sàídátù ní, "Bàbá Fàrídà, ẹnu lẹ fẹ́ fi kí i ni, àbí ikùn?"

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ti dín nínú ikùn rẹ̀. Láwàl ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Sàídátù, tí tirẹ̀ dín mẹ́sàn-án, kì í sọ nǹkan kan.