Sàréè Gberefu Lórí Fóònù

3.
…torí òkun ń jẹ etí erékùṣù Gberefu lọ, Mercy Dosi, olùkọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀, fẹ́ kọ ibi tí sàréè ìdílé kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀ kí omi tó gbé wọn. Àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ń kú.

4.
Ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí:
Ìwé. Atẹ́gùn oníyọ̀ yóò bà á jẹ́.
Wáàsáàpù. “Ẹ káàárọ̀” àti àdúrà yóò bò ó mọ́lẹ̀.
Ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ará ilé lè jọ kà, kí wọ́n sì jọ tún un ṣe.

Dúródọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ibereko, ló dábàá ẹ̀kẹta. Òun náà ló ṣí i.

5. Ohùn tí Mercy gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀
ÌYÁ ÀGBÀ: Ta ló máa rí i?
MERCY: Ará ilé nìkan, Ìyá àgbà.
ÌYÁ ÀGBÀ: Búra.
MERCY: Mo búra.
ÌYÁ ÀGBÀ: Ó dáa. Sún mọ́ mi.

7.
Ojú-ìwé náà dára lójú. Tẹ orúkọ ìdílé, wàá rí àwòrán, wàá gbọ́ ohùn. Mercy ń sọ fún gbogbo ilé pé Dúródọlá ti di ọmọ ìyá òun.

8.
O KÒ NÍ ÀṢẸ LÁTI ṢÍ OJÚ-ÌWÉ YÌÍ.

9.
Mercy rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àfi bí ọkọ̀ ojú omi ṣe já àwọn àjèjì sílẹ̀ ní èbúté. Ọ̀kan dúró lórí sàréè bàbá àgbà Mercy, ó ń ya fọ́tò. Obìnrin kan ń ka ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà sókè láti inú fóònù. Mercy ní kó jẹ́ kí òun rí i.

10.
ÌRÌN-ÀJÒ AFẸ́ SÍ GBEREFU
Olùkójọ ìtàn: Dúródọlá

11.
MERCY: Kí lo ṣe yìí?
DÚRÓDỌLÁ: Ìtàn yín yẹ kó dé etí ayé. Èmi ni mo ṣí ojú-ìwé yẹn.
MERCY: Mo búra fún Ìyá àgbà.
DÚRÓDỌLÁ: Èmi ò búra fún ẹnì kankan.

12.
Òótọ́ ni. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

15.
Ìyá àgbà ń sọ ìtàn àtijọ́ kan fún aládùúgbò rẹ̀ lédè Gun, ọ̀rọ̀ ń dùn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mercy yọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ.

Ìyá àgbà dákẹ́.

Ó gba abọ́. Ó dúpẹ́. Ó béèrè bóyá Mercy ti jẹun.