Ẹja Tí Bàbá Ńlá Ràsáàkì Gùn Wọ Ṣakí

Bàbá tó bí bàbá bàbá Ràsáàkì ló gun ẹja láti ilẹ̀ Gíríìkì wá sí Ṣakí. Ẹ má bi mí pé odò wo ló gbà. Ràsáàkì ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀sán gangan ló sì sọ ọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní ẹja náà tóbi tó mọ́ṣáláṣí, ó ń ṣa ọkà bàbà jẹ bí adìyẹ, àti pé nígbà tí wọ́n dé, ìdí igi ọdán ni bàbá ńlá òun so ó mọ́, tó bu èlùbọ́ sí i lẹ́nu kó fi sinmi.

Ṣakí kan náà tí gbogbo wa mọ̀ yìí o! Ìlú tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, bí pẹ́pẹ́yẹ bá bọ́ sínú odò, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn sọdá, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ kò sì ní tutù.

Fóònù Tísà Olúsọjí ló fà á. Tísà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó wá gba ìkòkò tó ní kí wọ́n rọ fún òun ní ọ̀dọ̀ Kàdírì, ọ̀gá Ràsáàkì, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù páànù tí wọ́n ń dà á sínú yanrìn kó di ìkòkò irin. Ìkòkò kò tíì tutù. Tísà bá yọ fóònù, ó ń fi àwòrán hàn wọ́n.

"Ẹ wo owó àtijọ́. Àwọn Gíríìkì ló ní in, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ìlú kan tó ń jẹ́ Tárásì, létí òkun, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ítálì lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ná an. Ẹja tí ẹ rí yìí, dọ́fíìnì ni. Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹja rárá, afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọkùnrin tó gùn ún yìí, wọ́n ní òrìṣà òkun ló bí i. Ọkọ̀ rẹ̀ ló rì, ni dọ́fíìnì bá pọ̀n ọ́n dé èbúté."

"Ẹ̀yin ará ibí!" Kàdírì pariwo.

"Ó tún kù. Àwọn kan wà létí Òkun Dúdú, owó tiwọn, bí dọ́fíìnì gan-an ni wọ́n ṣe rọ ọ́, pẹ̀lú orí pẹ̀lú ìrù. Wọ́n á yọ́ idẹ, wọ́n á dà á sínú ihò, bí ẹ ti ń da ìkòkò yìí."

Gbólóhùn yẹn ló wọ Ràsáàkì lágbárí. Misturat ló sì ba nǹkan jẹ́ tán, nítorí pé ó wà níbẹ̀. Aránṣọ ni Misturat, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ó wá bu ẹyin iná sínú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí Ràsáàkì bá ti rí Misturat, ẹnu rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

"Bàbá ńlá mi nìyẹn!" ó kígbe, ó na ìka sí ojú fóònù. Ibẹ̀ ló ti kó gbogbo àlàyé ẹja àti èlùbọ́ sílẹ̀. Ó fi kún un pé, "Nígbà tí wọ́n dágbére, ọba Gíríìkì ló ní kí wọ́n ya àwòrán wọn sórí owó. Ọ̀kan wà nílé wa, nínú àpótí ìyá mi àgbà."

Misturat gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ràsáàkì, lọ́dún tó kọjá, o ní o fi ọwọ́ lásán mú erin nínú igbó Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí."

"Erin ọ̀hún ò tóbi púpọ̀."

"O ní o gun ọ̀kadà láti ibí dé Mẹ́kà."

"Irọ́ ni, mi ò dé ibẹ̀. Ó kù díẹ̀ ni epo tán."

Kàdírì àti Tísà dì mọ́ra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Misturat kò rín.

"Gbọ́ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ní Jímọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun, àwọn ará ilé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn wá bá bàbá mi nítorí mi. Ìwọ ló wù mí, mi ò ní purọ́, èyí tí ò ń pa ti tó fún àwa méjèèjì. Àmọ́ bàbá mi ti búra pé òun ò ní fi ọmọ fún òpùrọ́. Mú òótọ́ kan wá fún mi. Ẹyọ kan péré. Mú owó yẹn wá kí wọ́n tó dé, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún bàbá mi pé kó dá àwọn ará Ìṣẹ́yìn padà."

Ràsáàkì fọwọ́ lu àyà. "Bó o ti rí owó yẹn tán nìyẹn," ó ní.

Owó wo? Nínú àpótí ìyá àgbà, bí ẹ bá yọ gèlè mẹ́ta àti oògùn orúnkún kan, ó parí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbẹ́ ẹja sára ọṣẹ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú ó tẹ ọṣẹ náà mọ́ yanrìn, ó da irin yíyọ́ sí i. Èyí àkọ́kọ́ jáde bí iṣu ewùrà. Ìkejì jọ alángbá tó ru igi. Ẹ̀kẹta ló wá burú jù: Kàdírì hú u nínú yanrìn, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ta ló rọ bàtà mi?" Ràsáàkì kò rí dọ́fíìnì rí ju lójú fóònù lọ. Ẹja kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni àrọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ibi tó wù kó ti bẹ̀rẹ̀, àrọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń bá a parí sí.

Nígbà tó fi di Jímọ̀, àlòkù irin ti tán nílẹ̀. Kàdírì ti lọ kírun. Ohun kan ló kù lábẹ́ àjà: ọmọrí ìkòkò ńlá Àwáwù, ìyá Misturat, tó gbé wá lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n bá òun fi ìdìmú sí i. Ràsáàkì wo ọmọrí, ọmọrí wo Ràsáàkì.

"Má bínú," ó sọ fún un. "Ẹbí náà ni wá."

Bíńtín ló nílò níbẹ̀. Àmọ́ ọmọrí tí wọ́n bu jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yóò máa rojọ́, èyí tí kò sí nílẹ̀ mọ́ kò lẹ́nu. Ó fi òòlù fọ́ gbogbo rẹ̀, ó yọ́ ọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹyọ yìí dára! Ẹja rẹ̀ lórí, ó nírù, ènìyàn jókòó lé e lẹ́yìn bí ẹni gun ọ̀kadà tuntun. Ràsáàkì fi èédú kùn ún kó lè darúgbó. Bó ti ń kùn ún ló gbọ́ tí àwọn èèyàn ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí. Ó pa ọwọ́ dé owó náà, ó fò sọdá títì.

Misturat ń rán ìborùn léèsì kan lọ́wọ́. Tísà Olúsọjí wà níjòókòó, Misturat ló ní kó wá ṣe adájọ́.

Ràsáàkì ya àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wò ó. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án o, Tísà, èèwọ̀ ilé wa ni." Ẹ̀rù ń bà á kí Tísà má gbé e kó rí i pé ó fúyẹ́ bí èpo ẹ̀pà.

Tísà wọ awò ojú, ó tẹ̀ síwájú. "Kí ló dé tí dọ́fíìnì yìí ní irùngbọ̀n?"

"Akọ ni."

"Dọ́fíìnì kì í nírùngbọ̀n, akọ ni o, abo ni o."

"Ti ìsinsìnyí lẹ ń sọ. Ṣé irùngbọ̀n bàbá yín àgbà ò ju tiyín lọ ni?"

Tísà fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Ó dáa. Ọmọkùnrin orí owó tí mo fi hàn yín, ìhòhò ló wà. Tìrẹ dé fìlà."

"Tísà! Bàbá ńlá mi ni! Ẹ fẹ́ kó wọ Ṣakí ní ìhòhò?"

"Wọ́n ṣe owó náà kó tó dé Ṣakí."

"Ó ti ń múra sílẹ̀ ni."

Ẹ̀rín pa Tísà títí awò fi já bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Misturat ni Ràsáàkì ń wò. Ó ti dá ẹ̀rọ dúró. Ó ń wo owó náà bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn bóyá ẹni tí òun ń retí ni yóò wọlé. Ràsáàkì rí i kedere pé ó wù ú kó jẹ́ òótọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, irọ́ rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e fún mi," Misturat ní. "Àbí èèwọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ìwọ kọ́. Ìwọ ni ìyàwó ilé."

Ó gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

"Yéèè! Mo kú o!"

Owó náà fò sókè, ó balẹ̀ sórí léèsì. Ṣàà! Èéfín rú. Ó lu léèsì já, ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ihò roboto sílẹ̀ níbi tó gbà.

Ṣé ẹ rí i, ọwọ́ ẹni tó ti ń rọ ìkòkò fún ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọwọ́ mọ́, pátákò ẹṣin ni. Ẹyin iná ni Ràsáàkì ń mú bí ẹni mú obì. Láti inú yanrìn ni owó yẹn ti ń jó o bọ̀, kò mọ̀.

Tísà gbé awò rẹ̀ wọ̀ padà. "Ràsáàkì. Owó tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, kí ló ń gbóná fún?"

"Oòrùn ibẹ̀ mú, Tísà. Kò tíì… kò tíì tutù tán ni."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ìyẹn ti ṣubú lulẹ̀.

"Ìwọ lo rọ ọ́," Misturat ní, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Òní lo rọ ọ́. Kí lo fi rọ ọ́?"

Kí Ràsáàkì tó rí èsì, Àwáwù ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Kàdírì pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. "Ràsáàkì! Ọmọrí ìkòkò mi dà? Àwọn àlejò ti wọ̀lú, ìrẹsì mi wà lórí iná láìbò!" Kàdírì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹmú: "Yanrìn mi ṣì ń gbóná! Kí lo dà síbẹ̀?"

Misturat bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gbé owó náà nílẹ̀, ó nà án sí ìyá rẹ̀.

"Ọmọrí yín nìyí, Màmá. Ó ti gun ẹja lọ."

Ràsáàkì kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fò lé ẹ̀rọ ìránṣọ, bàtà rẹ̀ kan kù sẹ́yìn, ó já sí títì. Ibi tó já sí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó kún fún àwọn alágbádá funfun ti ń rọra bọ̀. Àgbàlagbà kan yọ orí.

"Ọ̀dọ́kùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé bàbá Misturat aránṣọ?"

"Ẹ padà o!" Ràsáàkì ń ké, eré kò dúró. "Àna ni wọ́n ń lé! Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ lé!"

Awakọ̀ wo ẹ̀yìn Ràsáàkì. Ó rí Àwáwù àti orógùn, ó rí Kàdírì àti ẹmú, ó rí Misturat tó la sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ gbàràgàdà. Ó fi ọkọ̀ sí rìfáàsì, ó fi ẹ̀yìn rìn gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn padà.

Ràsáàkì kò rí i. Ó ti fo gọ́tà, ó ti gba ẹ̀yìn ọgbà káṣú kọjá, ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló kọjú sí, ewúrẹ́ méjì ń sá níwájú rẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún.