Ẹni Tó Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ilé Ògúnlẹ́yẹ

Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ ìwé ìjọba mọ́ ara ògiri ilé Ògúnlẹ́yẹ ní Ìjìgbò, l'Adó-Èkìtì, òwú já mọ́ Àtinúkẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń hun kíjìpá, òwú kì í já mọ́ ọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀kọ̀ ìhunṣọ sílẹ̀, ó dìde nídìí òfì, ó lọ dúró níwájú ìwé náà. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1956, ìyẹn èṣí, wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ ilé mẹ́ta lójú ọ̀nà Ìgèdè. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi wó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí títì.

Ọkùnrin tó lẹ ìwé náà kò tíì lọ. Olúyẹmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Ó wọ ṣòkòtò kakí, ó fi kámẹ́rà kọ́rùn. Nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù. A ò wá wólé. A fẹ́ kí ilé yìí di ilé ìtàn ni. Bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ síbì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbénú rẹ̀, inú rẹ̀ náà lẹ ó máa gbé."

Àtinúkẹ́ mí kanlẹ̀. "Kí la ó wá ṣe fún ìjọba?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Kí ẹ ṣáà sọ ìtàn ilé fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, lọ́jọ́ Ẹtì, màá padà wá, kí ẹbí péjọ dè mí. Ẹni tó bá ní àtakò, kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù lọ ni ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí. Mo ti rin Èkìtì já, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà: àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn obìnrin tó ru omi, ejò tó ká ara rẹ̀ jọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èèyàn gbọ́dọ̀ lóṣòó kó tó rí i, ọkùnrin kékeré kan wà tí wọ́n so lọ́wọ́ méjèèjì, tó sì di irinṣẹ́ ìgbẹ́gi mú síbẹ̀. Olúyẹmí ló lóṣòó tì í. Ó wò ó títí. Bí ó ti ń wò ó ni òtútù ń mú Àtinúkẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán.

Ìdí ni pé ó mọ ẹni tí ọkùnrin kékeré náà jẹ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ fún un nígbà tó bí Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo Ìjìgbò mọ̀ pé Ògúnlẹ́yẹ, jagunjagun, ló kọ́ ilé náà láyé ogun. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọkùnrin kan tí Ògúnlẹ́yẹ kó lẹ́rú bọ̀ láti ìhà Àkókó ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti gbogbo òpó ilé. Ọlọ́nàdé ni wọ́n ń pè é. Ògúnlẹ́yẹ fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fún un ní ìyẹ̀wù ẹ̀yìn, ó sì fẹ́ ìyàwó fún un. Nígbà tí Ọlọ́nàdé kú, inú ìyẹ̀wù náà ni wọ́n sin ín sí. Bàbá bàbá Bámidélé, ọkọ Àtinúkẹ́, ni. Láti ìgbà náà ni ìran rẹ̀ ti ń jẹ́ ọmọ Ògúnlẹ́yẹ, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. "Má sọ ọ́ fún ẹni kankan," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́, a ò ní ilé mọ́, ọmọ rẹ ò sì ní rí ọkọ gidi fẹ́." Bámidélé ti kú. Ìyá rẹ̀ náà ti lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún mọ̀ ọ́n, Bàbá Adéyẹyè, ọmọ-ọmọ Ògúnlẹ́yẹ, tó jẹ́ olórí ẹbí.

Kò tó wákàtí méjì tí Olúyẹmí lọ tí Bàbá Adéyẹyè fi dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń sọ pé òun máa wó ilé amọ̀ yìí, kí òun kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì oní-sìmẹ́ńtì sójú rẹ̀. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Kò ní kó dìde.

"O bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀."

"Òun ló bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá."

"Kí ló bi ọ́?"

"Ó bi mí nípa ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn. N ò dá a lóhùn."

Bàbá Adéyẹyè fara ti òpó. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn gan-an ló sì ba obìnrin náà lẹ́rù. "O ṣe dáadáa. Ulé yìí, ulé bàbá mi ni. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, èmi ni n ó sọ̀rọ̀, n ó sì sọ pé a ò fẹ́. Bí ìwọ bá la ẹnu rẹ, èmi náà á la tèmi. N ó sọ irú ẹni tí ọkọ rẹ jẹ́. Mo sì gbọ́ pé àwọn àna rẹ ń bọ̀ láti Ìgèdè lóṣù tó ń bọ̀."

Ó rọra jáde. Àtinúkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú.

Bọ́sẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íkẹ́rẹ́. Olùkọ́ kan ní Ìgèdè tí ń jẹ́ Adérẹ̀mí ló fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ ìjọ Àgùdà bíi tiwọn. Bàbá ọmọkùnrin náà ti ń wádìí ìdílé wọn láti oṣù méjì sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Àtinúkẹ́ bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á fò sókè. Bí àwọn obìnrin méjì bá ń rẹ́rìn-ín nídìí kànga, ó máa ń rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin gun orí ilé. Àtinúkẹ́ gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lókè, ó sáré jáde. Páànù orí ìyẹ̀wù ẹ̀yìn ni wọ́n ń tú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Oṣù Kẹfà la wà!"

"Bàbá Adéyẹyè ló rán wa níṣẹ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí, tí kò lè wò ó lójú. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀."

Kò sí páànù tuntun kankan nílẹ̀. Àtinúkẹ́ wojú ọ̀run, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Òjò ni bàbá náà bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé kò lè rí ọ̀sẹ̀ kan nínú òjò Èkìtì. Nígbà tí ará Ìbàdàn bá fi máa padà dé, òkìtì amọ̀ ni yóò bá, kò sì sẹ́ni tó ń pe òkìtì ní ilé ìtàn.

Òjò náà kò jẹ́ kó pẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìhà Igbemọ ṣú dúdú, atẹ́gùn dé. Bọ́sẹ̀ ti wálé láti Ìkẹ́rẹ́. Òun àti ìyá rẹ̀ kó imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n gun àkàsọ̀, wọ́n ń tò ó sórí ògiri. Atẹ́gùn ń gbé e lọ bí wọ́n ti ń tò ó. Àtinúkẹ́ bá sáré wọlé, ó kó àwọn kíjìpá tó ti ń hun sílẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ láti ọdún kan, ó nà wọ́n lé orí ògiri, ó ń fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

"Màmá! Aṣọ mi nìyẹn!"

"Di etí rẹ̀ mú!"

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ògiri ìhà ọ̀tún ké, bí ìgbà tí igi ńlá bá fẹ́ wó. "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀!" Àtinúkẹ́ fò bọ́ sílẹ̀. Ògiri ya lulẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Amọ̀ pupa ta sí wọn lójú. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lábẹ́ ẹnu ọ̀nà, Àtinúkẹ́ ń sunkún, wọ́n ń wo omi tó ń ṣàn kọjá lórí ilẹ̀ ìyẹ̀wù náà.

"Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé sàréè wà níbẹ̀. Ta ni wọ́n sin síbẹ̀ gan-an?" ni Bọ́sẹ̀ béèrè. "Kí ló dé tí ẹ̀ ń sunkún lé yàrá òfìfo lórí?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àtinúkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ nínú ariwo òjò. Nígbà tó parí, Bọ́sẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá, mo bẹ̀ yín. Kí wọ́n wó ilé yẹn. Ẹ ó máa bá mi gbé n'Íkẹ́rẹ́. Bàbá Adérẹ̀mí ò ní jẹ́ kó fẹ́ mi bó bá gbọ́."

"N ò ní sọ ọ́," ni Àtinúkẹ́ wí. Òótọ́ inú rẹ̀ ló sì fi wí i.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyẹ̀wù ẹ̀yìn ti wó dé ìdajì, ṣùgbọ́n iwájú ilé dúró. Àwọn àgbà ẹbí jókòó sórí àga gbọọrọ, àwọn aládùúgbò dúró yíká. Olúyẹmí ṣí ìwé rẹ̀. Bàbá Adéyẹyè dìde.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ulé yìí ti ń wó, ẹ̀yin náà rí i. Ní ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ níbí. Ọjà ni wọ́n ti rà á. A ò rí ìtàn kankan níbẹ̀. Kí ẹ jẹ́ ká tún ulé wa kọ́."

Olúyẹmí wo ojú àwọn tó péjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Kò sẹ́lòmíì tó ní ọ̀rọ̀ sọ?"

Olúyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìwé rẹ̀ dé. Àtinúkẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i bí wọ́n ṣe máa fi àáké la àwọn òpó náà dáná. Ó rí ọkùnrin kékeré tí wọ́n so lọ́wọ́, tí kò sẹ́ni tó tún máa mọ̀ pé ó gbé ayé rí. Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Irọ́ ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ó ní láti tún un wí. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Wọn ò rà á lọ́jà."

"Àtinúkẹ́!"

"Ọlọ́nàdé ló gbẹ́ ẹ. Ẹrú ni. Ògúnlẹ́yẹ kó o bọ̀ láti ogun. Bàbá bàbá ọkọ mi ni." Ó di òpó mú. "Ẹ wá wò ó."

Ó mú Olúyẹmí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fa òfì rẹ̀ kúrò lára òpó tó ti fi ara tì fún ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀, lára òpó, ọkùnrin kékeré kan náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà. Okùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín.

Níta, ariwo ti sọ. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀!" ni Bàbá Adéyẹyè ń pariwo. "Ẹrú ni wọ́n! Kí wọ́n jáde nínú ulé mi!" Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgbà, arúgbó tí kì í sábà sọ̀rọ̀, fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Adéyẹyè, jókòó. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ògúnlẹ́yẹ tó kó ọkùnrin yẹn wálé kò lé e jáde. Ìwọ wá fẹ́ lé e?" Àwọn kan nínú èrò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àtinúkẹ́ bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Bọ́sẹ̀ bú sẹ́kún, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìgèdè kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn àna kò bọ̀ mọ́. Bọ́sẹ̀ kò wálé mọ́ láti ọjọ́ náà. Lójoojúmọ́ ni Àtinúkẹ́ ń lọ gbọ́ Máàsì òwúrọ̀, tó sì ń bẹ̀rù láti padà sílé, kó má baà bá ẹrù rẹ̀ níta. Wọn kò kó ẹrù rẹ̀ síta. Ìwé dé láti Ìbàdàn, ìjọba ti fọwọ́ sí i. Wọ́n rán àwọn ọ̀mọ̀lé, wọ́n tún ògiri ẹ̀yìn mọ, wọ́n kan páànù. Bàbá Adéyẹyè kọ́ ilé tirẹ̀ síbòmíì, kò sì dáhùn ìkíni Àtinúkẹ́ mọ́ títí tó fi kú.

Adérẹ̀mí gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Bọ́sẹ̀ n'Íkẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kó má lọ, ó lọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lóṣù Kejìlá. Àga bàbá ọkọ ṣófo nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn sì rí i.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Bọ́sẹ̀ tó wá sí Ìjìgbò. Ó jókòó sórí àpótí nítòsí ìyá rẹ̀.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà yẹn, ó ṣì ń bà mí títí di òní. Bí o bá bímọ, ẹnì kan máa sọ ọ́ sí i lójú."

Bọ́sẹ̀ wo ìhà ìyẹ̀wù ẹ̀yìn, níbi tí amọ̀ tuntun ti pupa yàtọ̀ sí ti àtijọ́. "Kí lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n tó ń pè é ní Ọlọ́nàdé?"

"Kò sọ ọ́ fún ẹni kankan. Ìyá bàbá rẹ ní ó máa ń sọ pé àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé àwọn, pé bí òjò bá dá, gbogbo ọmọdé á gun orí ẹ̀ lọ máa bomi mu."

"Àpáta wo? Àpáta pọ̀ ní Àkókó."

"N ò mọ̀, ọmọ mi."

Bọ́sẹ̀ ní òun máa bi Adérẹ̀mí bóyá ó mọ ẹnì kan tó ń kọ́ni ní ìhà ibẹ̀, tó lè bá wọn wá àpáta náà.