Mú Mi Re Ulé

Ọṣẹ já bọ́ lọ́wọ́ Bàrákàt nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò.

"Ẹ yí i sókè!" ó kígbe. "Ẹ yí i sókè, jàre!"

Àwọn obìnrin tó ń di ọṣẹ sínú páálí rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ orin ọ̀gá wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yìí ní Ṣàngó-Ọ̀tà, tó ṣì jẹ́ ọmọge, kò sí ọkọ̀ tó ń gbé wọn wá láti Ojú Ọrẹ tí orin náà kì í dún nínú rẹ̀. Ó mi ìbàdí, ó fa ẹnu síwájú, ó gbé e:

"Mú mi re ulé, ìfẹ́ mi, mú mi re ulé!"

Gbogbo ẹnu gbè é.

Dásọ́lá nìkan ni kò gbè é. Ọmọ Ẹfúnkẹ́ ni, tí òun àti Bàrákàt jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Bàrákàt ló bá ọmọ náà wá iṣẹ́ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ṣe ọ̀rẹ́ òun lóore.

"Àǹtí, ẹ má bínú o," ọmọ náà ní. "Ilé ni rédíò ń pè. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń pe ulé?"

Ìyá Tahir, ọ̀kan lára àwọn tó ti wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, tí kò mọ ọmọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Àwàdà àtijọ́ ni! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wà níbí nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tó dé, ó ní òun fẹ́ re ulé. Háà! Àǹtí rẹ yìí ló kó o sínú orin. Bó bá ti yọjú báyìí, orin ti dé. Nígbà tó yá, kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, orí ló ń mì sí wa."

Bàrákàt ń ṣẹ́jú sí Ìyá Tahir pé kó dákẹ́. Kò rí i.

Dásọ́lá náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Iléṣà ni màmá tèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láéláé. Wọ́n ní Yorùbá tó mọ́ nìkan la máa sọ nílé wa."

Ọwọ́ Ìyá Tahir dúró sórí páálí. Ó wojú ọmọ náà, ó wo Bàrákàt, ó sì tẹ orí ba.

"Àbí ilé náà ni ulé?" Dásọ́lá béèrè. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Yéè! Àǹtí, ara ìyá màmá mi ò yá ní Iléṣà. Bí wọ́n bá ti pè mí lórí fóònù, 'Ulé ń kọ́, Dásọ́lá? Ulé ń kọ́?' Mo rò pé orúkọ èèyàn ni. Mo máa ń ní, 'Màmá, a ò mọ̀ ọ́n níbí.' Wọn á wá dákẹ́ lọ gbári. Màmá mi á gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn á bọ́ síta."

Dásọ́lá yíjú sí Bàrákàt.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é, Àǹtí. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn lónìí." Ó fa ẹnu síwájú, ó fa ohùn gùn, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Bàrákàt àti àwọn tó gbè é láìpẹ́ yìí: "Ulé-é-é wà, Màmá."

Bàrákàt ya ẹnu láti tún un ṣe. Ó wá ohùn Ẹfúnkẹ́ lọ́kàn ara rẹ̀, ohùn ọmọbìnrin tí iṣẹ́ ti sú, tó kàn fẹ́ lọ sílé. Kò rí i. Ohùn ẹ̀sín ló bá níbẹ̀.

Rédíò ò tíì dákẹ́. Orin náà ṣì ń dùn mọ́ ọn bíi ti ìgbà yẹn. Nígbà tó wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń bá orin náà jó lọ.