Ẹ̀jẹ̀ Ara Sùtánà

Olówòkéré kò jẹ́ kí dókítà sọ̀rọ̀ tán. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró lójú omi. Ó ní kí wọ́n dákun, ọ̀rọ̀ ìdí kọ́ ni òun torí ẹ̀ gbé ìyàwó òun láti Ugbonla, abúlé orí omi, wá sí Àkúré, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ìyàwó òun ń rí nǹkan oṣù déédéé, kí ló wá dí oyún lọ́wọ́? Ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n wò nìyẹn.

Dókítà Àràmídé, obìnrin kan tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, dúró dè é kó sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Rèbékà, ìyàwó náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, ìsàlẹ̀ ìfun ló wà, nítòsí ìdí. Wọ́n lè gé ibẹ̀ kúrò, kí wọ́n so ìfun tó kù pọ̀, kí Rèbékà sì máa yàgbẹ́ láti ìdí rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ fa ìfun jáde sára ikùn fún oṣù mélòó kan, kó máa yà sínú àpò títí ọgbẹ́ inú á fi jinná, wọ́n á wá dá a padà.

"Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀, mà," ni dókítà wí. "Ó ku díẹ̀ kó kan iṣan tó ń pa ìdí dé. Tó bá kàn án, a máa rán ìdí yín pa ni, àpò yẹn á sì bá yín lọ títí ọjọ́ ikú. Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí? Ẹ̀jẹ̀ á ti máa bá ìgbẹ́ yín jáde tipẹ́."

Rèbékà wolẹ̀. Olówòkéré rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti ṣì í mú o, ẹ̀jẹ̀ tí dókítà ń wí yẹn, nǹkan oṣù ni, gbogbo Ugbonla ló mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́, gbogbo Ugbonla ló mọ̀ ọ́n. Nínú ìjọ wọn, obìnrin tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú ilé Ọlọ́run. Ìta ló ń jókòó sí, lórí pákó, kí orin máa bá a níbẹ̀. Nǹkan oṣù Rèbékà ti dáwọ́ dúró pátápátá nígbà tó dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan láti dá orin, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ lára sùtánà funfun rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ síta. Ó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ti wá, ó ti ń rí i nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Kí ni ì bá sọ? Obìnrin wo ló ń pariwo ìdí ara rẹ̀ láàárín ìjọ? Ó dákẹ́.

Kó tó délé, Olówòkéré ti gbọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bí inú ọmọdé. Ọkùnrin tó ti ń wá ìyàwó kejì nítorí pé ilé rẹ̀ kò gbọ́ igbe ọmọ rí, ló bá ní nǹkan oṣù aya òun ti padà, Ọlọ́run ti ṣíjú wò ó, kí ẹni tí wọ́n ń wá fún òun ṣì ní sùúrù ná. Láti ìgbà náà, lóṣooṣù, Rèbékà á lọ jókòó síta ìjọ kí ayé lè rí i. Ọkọ rẹ̀ á kọjá níwájú rẹ̀, á máa yan. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé sáré tọ dókítà lọ, òun ló fi ń di ilé ọkọ mú. Ẹ gbà mí o.

"Kì í ṣe nǹkan oṣù," ni Rèbékà wí. "Ìyẹn ti dúró tipẹ́. Ìdí ni."

Olówòkéré wò ó títí. Kò dà bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ta ẹja jíjẹrà fún.

"Dókítà, ẹ rán an pa," ló wí. "Ìdí tó ń tan ọkọ jẹ, kí ló tún fẹ́ fi ṣe?"

Ó dìde, ó jáde. Dókítà Àràmídé ti ilẹ̀kùn, ó bi Rèbékà léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́.

"Ẹ bá mi dá a sí," ni Rèbékà wí.

Wọ́n sì bá a dá a sí. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Igbokoda ló gbé gbogbo oṣù tí àpò fi wà níkùn rẹ̀. Olówòkéré wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ó fọwọ́ bo imú látẹnu ọ̀nà, ó ní òun kàn wá sọ fún un pé Moríkẹ́, ìyàwó tuntun, ti wọlé. Ó ní kó má wulẹ̀ kánjú bọ̀, òórùn ẹja nìkan ti tó ilé.

Nígbà tí wọ́n dá ìfun rẹ̀ padà, ó kọ́kọ́ ń sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Díẹ̀díẹ̀ ló rọlẹ̀. Ọjọ́ tó rí i pé òun lè mú un mọ́ra, ó wọkọ̀ ní Igbokoda, nítorí ààrò tó fi ń yan edé tà ṣì wà ní Ugbonla, òun kò sì fi í tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ojú omi kì í yà síbi kankan. Láàárín ọ̀nà, ikùn rẹ̀ kùn. Ó fún ìdí pọ̀, ó ń gbàdúrà, ó sì mú un délé.

Olówòkéré wà ní èbúté pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo ibi tó dìde yẹn dáadáa kí ẹ tó jókòó sí i o," ló wí fún àwọn tó fẹ́ wọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìjókòó gbẹ. Ó wá kìlọ̀ fún Rèbékà pé Moríkẹ́ ti lóyún, òun ti kéde rẹ̀ nínú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má bà á nínú jẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Rèbékà wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ orí omi. Ó yà bí ènìyàn, ó sì jókòó díẹ̀ sí i, kó fi dúpẹ́. Láàárín pákó ló ti rí Moríkẹ́ nísàlẹ̀ ilé, tó lóṣòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tó ń fọ ìró. Omi ibẹ̀ pọ́n. Moríkẹ́ gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Ọmọbìnrin náà gòkè wá, ó kúnlẹ̀, ìró tútù lọ́wọ́. Ó ní nǹkan oṣù òun kàn pẹ́ ni, òun kò tíì la ẹnu tí ọkọ àwọn fi kéde oyún. Ọkọ àwọn ti ní tí kò bá sí ọmọ, ọkọ̀ tó gbé òun wá náà ni yóò gbé òun padà. Ó bẹ ìyálé rẹ̀ kó bo òun láṣìírí.

Rèbékà gba ìró náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó gbé e lọ síwájú ilé, ó tẹ́ ẹ sórí igi tí Olówòkéré ń so ọkọ̀ mọ́, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lójú omi á ti rí i.

"Ẹ ti pa mí, ìyálé mi," ni Moríkẹ́ wí, ó ń sunkún.

"Èmi dákẹ́ nílé yìí, ó ku díẹ̀ kó gba ìdí lọ́wọ́ mi," ni Rèbékà wí. "Ìwọ ò ní dákẹ́. Èmi rí ẹ̀jẹ̀, ìwọ náà rí ẹ̀jẹ̀. Nínú àwa mẹ́ta, ọkọ wa ló kàn kí dókítà yẹ̀ wò."

Wọ́n gbọ́ ikọ́ Olówòkéré nínú ilé, ó ń jáde bọ̀. Rèbékà kò dúró dè é. Ó lọ dáná sí ààrò edé rẹ̀.